Àlàfo Alẹ̀mọ́ra: Àgbéyẹ̀wò Ààyè Tó Wà Láàárín Ọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Yorùbá Tí A Fi Kọ̀ǹpútà Tẹ̀

Ìwé ètò ìsìnkú ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fojú sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá kan ló papò dà ní Aramọkọ, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọmọ sì ní kí n bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá wọn ní Yorùbá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo gbé e sínú flash, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé nítòsí ọjà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, àìsùn ku wákàtí mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ ń hó, kò sí ẹni tó ráyè yẹ iṣẹ́ wò. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fa ìwé náà lé bàbá tó ń darí akọrin lọ́wọ́ pé kó kà á. Bàbá kà á, ó já gaara, títí tó fi dé gbólóhùn tó kẹ́yìn: "Inú ọmọdé àti àgbà ló máa ń dùn tí wọ́n bá rí i." Ṣùgbọ́n orí "rí" ni ìlà parí sí. Lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, "I" ńlá kan ló dá dúró, òun àti àmì ìdánudúró rẹ̀. Bàbá sinmi, ó sún jígí sókè imú, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní: "Apá Kìíní."

Ẹ̀rín bú sọ. Ìsìnkú arúgbó ni, kò sí ẹni tó bínú. Èmi tí mo kọ ọ́ nìkan ni ẹ̀rín náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́, nítorí "rí i" ni mo tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ gbá mi létí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, Word rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ. Ó rí i kékeré tó dá dúró, ó sọ ọ́ di ńlá, bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kọ "èmi" tiwọn, ojú mi kò sì tó o. Èkejì, ìlà kan náà ni "rí" àti "i" wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, fọ́ǹtì yí padà, ọ̀rọ̀ sún, ìlà kún. Ẹ̀rọ wá ibi tí yóò ti já a, àlàfo tó wà láàárín "rí" àti "i" ló rí, ibẹ̀ ló sì já a sí. Ta ló sọ fún un pé i yẹn kò lè dá rìn?

Ó ṣeé sọ fún un. Láti ọdún náà ni mo ti ń béèrè, tí mo ń dán an wò, tí mo sì ń da àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n láàmú. Ohun tí mo rí ni pé oríṣiríṣi àlàfo ló wà nínú kọ̀ǹpútà, pé Yorùbá tí à ń kọ lónìí nílò ọ̀kan nínú wọn ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe nílò rẹ̀ lọ, àti pé kò sí ẹni tó ń fi kọ́ wa. "Space" ni àwọn tó ń tẹ̀wé ń pe gbogbo rẹ̀, àlàfo ni èmi yóò máa pè é.

Ìgbà kan wà tí àwọn tó ń kọ ìwé kì í fi àlàfo sílẹ̀ rárá. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa kọ lẹ́tà wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé láìsinmi, ẹni tó bá ń kà á ni yóò fi ẹnu ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn àlùfáà ilẹ̀ Ireland, tí èdè Látìn kì í ṣe èdè ìyá wọn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààyè sí àárín ọ̀rọ̀ ní nǹkan bíi ọ̀rúndún keje, kó lè rọrùn fún wọn láti kà. Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, àlàfo di nǹkan tí èèyàn ń fi ọwọ́ mú. Ní ilé ìtẹ̀wé onílẹ́tà òjé, irú èyí tí Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, òfo tó wà lórí bébà, òjé gidi ni lórí àtẹ. Òjé náà kúrú ju lẹ́tà lọ ni, tàdáwà kò fi lè kan orí rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n: ọ̀kan wà tó fẹ̀ tó gíga lẹ́tà, ọ̀kan jẹ́ ìdajì rẹ̀, ọ̀kan ìdá mẹ́ta, ọ̀kan ìdá mẹ́rin, ọ̀kan ìdá márùn-ún, ó sì tún ku èyí tó tín-ín-rín bí irun. Ẹni tó ń to lẹ́tà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn nínú wọn títí etí ìwé méjèèjì yóò fi gún. Bí ẹ bá ti dé ààfin Ẹ̀fọ̀n, tí ẹ rí òpó tí Agbọ́nbíọ̀fẹ́ gbẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ibi tí ọ̀bẹ ti yọ igi kúrò ń ṣiṣẹ́ bíi ibi tí igi ṣẹ́kù sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjé tí kò ní orí yẹn.

Ẹ̀rọ taìpù ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Irin gígùn kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ń fúnni. Àwọn tó kọ́ taìpù nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ irin yẹn lẹ́yìn àmì ìdánudúró, bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà dòní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2020 ni Word ti ń fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ pé àṣìṣe ni. Èmi ò bá wọn jà. Àlàfo méjì kò pa ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹpútà dá àwọn ìwọ̀n àtijọ́ padà, ó sì fi nǹkan tuntun kan kún un. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo àgbáyé ní nọ́ńbà, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, àmì 17 ló wà tó jẹ́ pé àlàfo ni iṣẹ́ wọn. Ìwọ̀n òjé ayé àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan tuntun náà ni àlàfo tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ já ìlà sí. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 00A0, ó sì ti wà nínú ìlànà lẹ́tà Látìn ti 1987 ṣáájú Unicode. Àlàfo alẹ̀mọ́ra ni èmi ń pè é, nítorí ńṣe ló ń ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ lójú tó sì ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ lábẹ́. Bí èkejì bá máa sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ sọ̀kalẹ̀. Nínú Word àti LibreOffice, ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì gígùn yẹn. Lórí Mac, Option ni ẹ ó dì mú. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú Word, ẹ tẹ àmì ¶ tó wà lókè: àlàfo lásán yóò yọ bíi ẹyọ okúta kékeré láàárín ìlà, alẹ̀mọ́ra yóò yọ bí òrùka kóńkóló.

Kí ló wá dé tí mo fi ní Yorùbá nílò rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ? Àkọtọ́ ni.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí àwọn ìjọ sì jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà, ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí kọ́ ló jẹ wọ́n lógún jù. Lẹ́tà ni wọ́n ń wá. Nínú Bíbélì tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, ẹ ó rí "nigbati", "nitoripe", "ẹniti", gbogbo rẹ̀ ní àsopọ̀. Ẹ ó rí "nlọ" àti "mbọ", níbi tí n tàbí m ti fara mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bí ọmọ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní wàhálà tí mo ní ní Aramọkọ; ẹ̀rọ kò lè já "nlọ" sí méjì. Ayọ̀ Bámgbóṣé ló gbé ìwé jáde lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí ní ọdún kejì, àbọ̀ wọn jáde ní 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Láti ìgbà náà, "nígbà tí" di ọ̀rọ̀ méjì, "gẹ́gẹ́ bí" di méjì, "nítorí pé" di méjì, "ń lọ" náà di méjì. Ó tọ́, ó bá gírámà mu, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ka àlàfo tó wà nínú ojú ìwé kan ti àtijọ́, kí ẹ tún un kọ lọ́nà tuntun, kí ẹ kà á padà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ń ro ti gírámà. Ti ẹni tó ń to ìlà kò sí lórí àtẹ wọn, òjé sì ni wọ́n ṣì ń fi tẹ púpọ̀ nínú ìwé nígbà náà.

Ẹ wo arọ́pò orúkọ ẹni kẹta ẹyọ ní ipò àbọ̀, èyí tó dójú tì mí. Kò ní ara tirẹ̀. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú ló ń yá lò: rí i, gbà á, ṣe é, kọ ọ́, mu ún, mọ̀ ọ́n. Bí "á" bá dá bẹ̀rẹ̀ ìlà, ẹni tó ń kà á sókè yóò kọ́kọ́ rò pé "á" ti ọjọ́ iwájú ni, bíi "á dára". Bí "é" bá dá bẹ̀rẹ̀ ìlà, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ó di dandan kó padà sókè lọ wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó ń kàwé jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi kò ní mọ̀ pé òun padà. Ẹni tó wà níwájú ìjọ, tí gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀. "Ń" náà ní tirẹ̀: bó bá kẹ́yìn ìlà, ohùn òǹkàwé a bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀rọ̀-ìṣe. "N" inú "kí n" àti "n ò" burú jù ú lọ, nítorí lẹ́tà kan tó kéré bẹ́ẹ̀ ló ru gbogbo "èmi" sórí.

Àwọn ará Pólándì ní irú ìṣòro yìí. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan pọ̀ lédè wọn, a, i, o, u, w, z, wọn kì í sì í fẹ́ kó wà ní ìparí ìlà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é tilẹ̀ túmọ̀ sí ọmọ òrukàn kékeré. Àwọn ará Czech náà ní òfin kan náà. Àlàfo alẹ̀mọ́ra ni àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ fi ń yanjú rẹ̀. Yorùbá ní ọmọ òrukàn ju tiwọn lọ, kò sì sí ìwé àkọtọ́ wa kan tí mo ti kà tó sọ ohun tí a ó ṣe fún wọn.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Mo ń lẹ̀ "ń" mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Mo ń lẹ̀ arọ́pò orúkọ onífáwẹ̀lì mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó yá a ní ara. Mo ń lẹ̀ "n" mọ́ "kí" tàbí mọ́ "ò". Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Àwọn kan ní kí n fi "ó", "a", "ẹ" kún un bí wọ́n bá jẹ́ olùwà, mo kọ̀. "Ó" tó kẹ́yìn ìlà kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ohùn rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì ń retí ohun tó ń bọ̀. "Ní", "sí", "tí" pàápàá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí a bá lẹ̀ gbogbo nǹkan pọ̀, ìlà kò ní ibi tí yóò ti já, etí ọ̀tún yóò rí págunpàgun. Bí ẹ bá sì ní kí etí méjèèjì gún, ihò funfun yóò máa là kọjá láàárín ọ̀rọ̀ bí ipa omi lójú ọ̀nà Òkèmẹ̀sí lẹ́yìn òjò. Ojú ìwé ìròyìn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí ti ń hàn jù. Láàárín ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìlẹ̀mọ́ra kan ti pọ̀ díẹ̀, méjì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Nínú Word àtijọ́, àlàfo alẹ̀mọ́ra kì í nà bí àwọn yòókù bá ń nà, kí ìlà lè gún. Ńṣe ló máa ń fún pọ̀ láàárín wọn. Láti Word 2013 ló ti ń nà bíi tiwọn.

Orúkọ èèyàn rọrùn ju gírámà lọ, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Bí ìwé ìjọ kan bá ń sọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì J. A. Babalọlá, ẹni tó kú ní Ẹdẹ ní 1959 tí ibojì rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, "J." kò gbọdọ̀ wà lókè kí "A." wà nísàlẹ̀. Oyè náà ńkọ́? Mo ti rí lẹ́tà ìpè tí "Ọba" kẹ́yìn ìlà, tí orúkọ kábíyèsí sì wà lórí ìlà kejì. Àgbà kan tó jókòó tì mí wò ó, ó ní: "Ta ló ṣí adé lórí rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lẹ̀ oyè mọ́ orúkọ, yálà Alárà ni o, yálà Ajerò. Ọjọ́ àti oṣù náà: 1 Oṣù Kẹwàá 1996, ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, kò dáa kí "1" dá wà níbì kan.

Àmọ́ ìlú wa gan-an ló ní ìṣòro tí àlàfo kò lè yanjú. Ìjerò-Èkìtì, Aramọkọ-Èkìtì, Ìpótì-Èkìtì, Ìkòrò-Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: gbogbo orúkọ wọ̀nyí ló ní ìlà kékeré láàárín. Ẹ̀rọ gbà pé òun lè já ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlà kékeré náà, nítorí náà ni ẹ ṣe ń rí "Ìjerò-" tó rọ̀ létí ìwé, tí "Èkìtì" wà nísàlẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Ẹbí àlàfo alẹ̀mọ́ra kan wà fún èyí: ìlà kékeré tí kì í já. Ctrl àti Shift pẹ̀lú ìlà kékeré fúnra rẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ nínú Word. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, èyí ni wọ́n gbà kíákíá jù, bóyá nítorí pé orúkọ ìlú wọn ni.

Ibì kan tún wà tí àlàfo yìí ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, àwọn olùkọ́ Yorùbá ni mo sì ń bá sọ ọ́. Ẹ fẹ́ kọ àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ sórí ìwé iṣẹ́, kí ọmọ lè rí àmì náà nìkan láìsí lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àmì ohùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ lásán, yóò fò lé lẹ́tà tó kẹ́yìn lórí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ìdí rèé tí "ẹ́" fi lè wà rárá: Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún ṣ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àmì ohùn ni a ń gbé lé wọn lórí. Òun ni kò fi lè dá dúró, ó ń wá ẹni tí yóò gùn. Ohun tí ìlànà Unicode sọ ni pé kí a fún un ní àlàfo alẹ̀mọ́ra gùn. Nínú Word, ẹ tẹ àlàfo náà, ẹ kọ 0301, ẹ tẹ Alt àti X, àmì òkè yóò dúró lórí òfo. 0300 ni ti ìsàlẹ̀, 0323 ni ti tíńtín abẹ́. Àlàfo lásán lè gbé e náà, àmọ́ ìlà lè já níbẹ̀, kí àmì àti òfo rẹ̀ pàdánù ara wọn. Àwọn kan fẹ́ràn òbìrípo onítótòtó, nọ́ńbà 25CC. Ó hàn sí ọmọdé ju òfo lọ, èmi náà sì fara mọ́ ọn fún kíláàsì.

Tí a bá kọjá ibodè, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn Yorùbá Kétu àti Àjàṣẹ́ ní Benin, ilé ìwé Faransé ni wọ́n lọ, àṣà Faransé sì ni láti fi ààyè sí iwájú àmì ìbéèrè, àmì ìyanu àti kólọ́nù, kí wọ́n sì fi ààyè sínú àmì àyọlò tó dà bí ẹnu ẹja, « báyìí ». Bí Word bá rí i pé Faransé ni èdè ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi àlàfo alẹ̀mọ́ra síbẹ̀. Bí ẹni náà bá wá ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ Faransé, pẹ̀lú ɛ àti ɔ tí orílẹ̀-èdè wọn ti fọwọ́ sí láti 1975, àlàfo Faransé yóò bá a dé inú Yorùbá. Ọmọ Èkìtì tó bá rí "Kí ló dé ?" yóò rò pé ọwọ́ onítọ̀hún yọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yọ̀. Ilé ìwé tó lọ ló ń sọ̀rọ̀. Owó náà ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ₦25,000 ni, kọ́mà wà láàárín, kò sí ibi tí ìlà lè já sí. Lọ́dọ̀ tiwọn, 25 000 F ni, ààyè ló wà láàárín. Bí ààyè náà bá jẹ́ lásán, ẹ lè rí 25 lókè kí 000 wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń yára ka ìwé owó ìyàwó rò pé fránkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kí òun mú wá. Àlàfo tín-ín-rín tí kì í já, nọ́ńbà 202F, tó wọ Unicode ní 1999 nítorí àwọn ará Mòngólíà, ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò síbẹ̀. Ẹ má lo 2009 dípò rẹ̀. Òun náà tín-ín-rín, àmọ́ ìlà lè já níbẹ̀.

Àwọn ìwọ̀n yòókù kò jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó fẹ̀ tó gíga lẹ́tà dára fún ẹni tó ń to ewì. Èyí tó fẹ̀ tó nọ́ńbà dára fún ìṣirò tó wà ní òpó. Èyí tí kò ní ìwọ̀n rárá, nọ́ńbà 200B, àwọn ará Kàmbódíà ló nílò rẹ̀: wọn kì í fi ààyè sáàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ní láti mọ ibi tí ìlà lè já sí. Lọ́dọ̀ wa, ìdààmú ló máa ń dá sílẹ̀ bó bá bá ẹ̀dà tí a kó láti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Ìdààmú ọ̀hún kò sì kéré, kò yẹ kí n fi pamọ́. Ohun tí ojú kò rí ni ẹ̀rọ ń kà. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ ilé ìwé kan wá fún mi rí, orúkọ náà pé lójú, ṣùgbọ́n Excel ní òun kò mọ ìdajì wọn. Láti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó o, àlàfo alẹ̀mọ́ra sì wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. TRIM, tó yẹ kó gbá ààyè tó ṣẹ́kù kúrò, àlàfo lásán nìkan ló mọ̀. SUBSTITUTE pẹ̀lú CHAR(160) ni mo fi lé wọn lọ. Nítorí náà, ìwé tí ènìyàn yóò kà ni kí ẹ lẹ̀. Orúkọ tó ń lọ sínú fọ́ọ̀mù tàbí sínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa wá, ẹ jẹ́ kó lọ ní ìhòòhò.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa kì í tilẹ̀ ṣe àìlo àlàfo alẹ̀mọ́ra. Àlòjù àlàfo lásán ni. Ọmọ tó fẹ́ kí àkọlé wà láàárín, bọ́tìnì gígùn ni yóò máa tẹ̀ tí yóò fi dé ibẹ̀. Ó fẹ́ to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sí òpó méjì, bọ́tìnì gígùn ni. Ó fẹ́ ibi ìbuwọ́lù, bọ́tìnì gígùn ni. Lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó dára bí ọba. Kí fọ́ǹtì yí padà báyìí, ọmọ kejì yóò bọ́ sábẹ́ ọmọ karùn-ún, ìyàwó yóò bọ́ sábẹ́ ọkọ ẹlòmíràn, ẹjọ́ dé. Ctrl àti E ló ń fi àkọlé sí àárín. Tab ló ń to òpó. Mo ti sọ ọ́ títí.

Ní oṣù tó kọjá, mo padà sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ìwé ìdúpẹ́ ojú ewé mẹ́jọ. Mo ti pa ìyípadà i sí I lára AutoCorrect, mo sì fi Replace kọ́ ọmọ tó jókòó síbẹ̀: kí ó wá ń tí ààyè wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì fi ^s dípò ààyè ẹ̀yìn, nítorí ^s ni orúkọ àlàfo alẹ̀mọ́ra níbẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé ń méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà ẹyọ, ọ̀kan jẹ́ n tí àmì gùn lórí, kó wá méjèèjì. Ó ní òun ti gbọ́. Mo jáde lọ jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀.

Nígbà tí mo dé, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kò ku ọ̀kan." Mo wo ojú ẹ̀rọ. Òrùka kóńkóló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sí ẹyọ okúta kan ṣoṣo. Gbogbo ààyè inú ìwé ló ti sọ di alẹ̀mọ́ra, ìlà kò rí ibi tó máa já sí mọ́, ló bá ń já láàárín ọ̀rọ̀: "ìdú" lókè, "pẹ́" nísàlẹ̀. Ctrl àti Z, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó padà.